Wọn ò gbà mí níléeṣẹ́ ìwádìí: ṣé kí bàbá mi ta ilẹ̀?

Ìbéèrè tí ọmọbìnrin kan fi ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta nìyí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìmọ̀ irúgbìn ni mo kà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, títí mo fi gba M.Sc., orí ẹ̀gẹ́ ni mo sì ti ṣe ìwádìí mi. Ọmọ ọdún 31 ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Bàọ́lọ́jì níléèwé aládàáni kan ní Ọbáńtokò. Lọ́dún tó kọjá, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ kan tó ń ṣe èso àti ẹ̀fọ́ pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi mí, síbẹ̀ wọn ò mú mi. Ẹnì kan tí mo mọ̀ pé èsì mi dára ju tirẹ̀ lọ ni wọ́n mú. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé ẹni tí kò bá lẹ́ni lókè kì í rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tó bá ti lé ní 30 kò tún lè wọlé. Ọkùnrin kan wá ní òun ní àyè kan lọ́wọ́ bí a bá lè san owó. Bàbá mi ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ tí a ní lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Faransé ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé ìdíje gidi ni wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ ìwádìí níbẹ̀. Sà, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ gba PhD ni?”

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ni mo máa mú ṣáájú, torí òun ni kò ṣeé dá padà tó bá ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ má tà á. Jọ̀ọ́, ka ìdáhùn yìí sí bàbá rẹ létí lónìí, kí wọ́n dá ìdúnàádúrà yẹn dúró. Ìwé lásán ni ọkùnrin yẹn máa tà fún yín, kò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó jẹ́ ojúlówó gbọ́dọ̀ ní fáìlì lẹ́yìn: ìyọ̀ǹda pé àyè ṣí, owó oṣù tó ti wà nínú ìṣúná, èsì láti iléèwé tó fún ọ níwèé ẹ̀rí pé òótọ́ ni àwọn fún ọ, àti orúkọ rẹ lórí ètò ìsanwó oṣù ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó ra lẹ́tà lè wọ ọ́fíìsì, ó tilẹ̀ lè gbowó fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ àyẹ̀wò ń bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ọ́fíìsì olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kéde pé ó lé ní 1,600 ènìyàn tí àwọn bá lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú ayédèrú lẹ́tà. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé ìgbìmọ̀ aṣojúṣòfin gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí bí wọ́n ṣe ń ta iṣẹ́ ìjọba. Òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ti ọdún 2000 kò sì dá ẹni tó fúnni ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sí. Òun àti ẹni tó gbà á, arúfin ni wọ́n jọ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì bẹ́ẹ̀ fi ń dákẹ́: ta ni wọ́n fẹ́ lọ fẹjọ́ sùn?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kò ní gba àkókò wa. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gba ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 18 tí kò sì tíì ju 50 lọ. Ìkéde iṣẹ́ kan lè mú un wá sílẹ̀ fún ipò kan, nítorí náà máa ka ìkéde dáadáa. Ṣùgbọ́n 30 tí wọ́n ń sọ yẹn, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àgùnbánirọ̀ ni wọ́n gbọ́ lódì. Ẹni tó bá ti kọjá 30 nígbà tó gboyè kì í sìnrú ìlú mọ́, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Kò kan ìgbanisíṣẹ́ rárá. Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹni tó lé ní 30 pọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé, torí M.Sc. nìkan ti lè gba ọdún mélòó kan lọ́wọ́ ènìyàn bí ìyanṣẹ́lódì bá wọ̀ ọ́.

O ní èsì rẹ dára ju ti ẹni tí wọ́n mú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ o ò sọ ìpínlẹ̀ tí ẹni náà ti wá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ti ń ṣìnà. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 ní kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kárí tolórí-tẹlẹ́mù, àjọ Federal Character tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996 ló sì ń ṣọ́ ọ. Ìlànà àjọ náà ni pé ọmọ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nípò àgbà, wọn kò sì gbọdọ̀ ju 3 lọ. Abùjá ní 1. Wá wo ibi tí àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí wà. Ìbàdàn nìkan ni CRIN tó ń ṣe kòkó wà, òun ni NIHORT tó ń ṣe èso àti ẹ̀fọ́ wà, òun náà ni FRIN tó ń ṣe ọ̀rọ̀ igbó àti igi gẹdú. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, CRIN ní 1964, NIHORT ní 1975, àwa ọmọ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn ni ilé wa sún mọ́ wọn jù, àwa náà la sì máa ń rọ́ lọ béèrè iṣẹ́ níbẹ̀. Bí àyè bá wá ṣí, ó lè jẹ́ pé ìpínlẹ̀ tí tirẹ̀ kò tíì pé ni wọ́n fẹ́ fi dí i. Àwọn ọmọ Ògùn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn ni ìwọ bá díje gan-an. Ọmọ Taraba tó wà lórí àga tó tẹ̀ lé tìrẹ, ìdíje tirẹ̀ yàtọ̀.

Ó máa ń dun ènìyàn, mo mọ̀. Síbẹ̀ n kò bínú sí òfin náà, torí bó bá jẹ́ igun kan ilẹ̀ yìí ni gbogbo olùwádìí ti wá, àgbẹ̀ àwọn igun yòókù ò ní fọkàn tán wọn, wọn ò sì ní gbọ́ èdè wọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn iléeṣẹ́ kì í sọ ọ́ síta nínú ìkéde. Ọ̀dọ́ á wọ mọ́tò láti ọ̀nà jíjìn, á sùn sílé onílé, kò sì ní mọ̀ pé àyè ìpínlẹ̀ òun ti kún kó tó kúrò nílé. Kí n fi èyí kún un, torí àwọn obìnrin máa ń ṣì í ṣe: bí o bá lọ́kọ tí ọkọ rẹ sì jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn, ìpínlẹ̀ tí wọ́n bí ọ sí ni ìlànà àjọ náà ṣì kà ọ́ mọ́. Má lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ kejì lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ọkọ. Ìwé méjì tó tako ara wọn ti tó láti ba fáìlì ènìyàn jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé inú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fúnra rẹ̀. O kọ̀wé pé o dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi ọ́. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí n rò pé o kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ní yunifásítì, ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè tán ló yege. Iléeṣẹ́ ìwádìí yàtọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́. Ti CRIN ni kòkó, kọfí, obì, kajú àti tíì. Ẹ̀gẹ́ tí ìwọ kọ́ṣẹ́ lé lórí, abẹ́ iléeṣẹ́ ìwádìí mìíràn, NRCRI ní Umudike, ní ìpínlẹ̀ Abia, ló wà. Àyè sì kì í ṣàdédé ṣí. Ẹnì kan ló fẹ̀yìn tì tàbí tó gba òkè òkun lọ, tó fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láàbọ̀: irúgbìn tí ẹnikẹ́ni kò bojú tó mọ́, oko àyẹ̀wò tí kò sẹ́ni tó ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó jókòó síwájú rẹ ni pé, bí a bá gba ọmọ yìí lónìí, iṣẹ́ wo ló máa gbé lọ́la? Iléeṣẹ́ tó ń ṣe tòmátì àti ata ló pè ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ lo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìwọ̀nba tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n gbóríyìn fún ọ, kí wọ́n sì máa wá ẹni tó máa ṣe tòmátì wọn.

Nígbà tí mo wà nínú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ràn láti máa bi wọ́n. A ó ní ilẹ̀ kan rèé, ó dagun lọ sí etí odò, oríṣi irúgbìn márùn-ún lo sì fẹ́ fi wéra, báwo lo ṣe máa pín oko náà? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní first class wọlé, ó ka orúkọ ètò oko náà bó ṣe wà nínú ìwé, ó ka fọ́múlà tó tẹ̀ lé e láìsí àṣìṣe, ó sì dákẹ́. Ọmọbìnrin kan tí èsì rẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìwé pélébé ló kọ́kọ́ béèrè. Ó fa ọfà kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó ní ibi tí omi ń wọ́ lọ nìyẹn. Ó wá fa ìlà mẹ́ta tó dábùú ọfà náà, ó ní inú ìlà kọ̀ọ̀kan ni oríṣi márààrún máa wà, kí ọ̀rinrin ilẹ̀ tó bá kan ọ̀kan lè kan gbogbo wọn. Bí òun bá to ìlà náà tẹ̀ lé dídagun ilẹ̀, ìsọ̀rí kan náà ni yóò ní ibi gbígbẹ àti ibi tútù, ìyàtọ̀ ilẹ̀ á wá máa fara hàn bí ẹni pé ìyàtọ̀ irúgbìn ni. Ó gbójú sókè, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé odò yẹn máa ń kún wọ oko ní oṣù kẹsàn-án?” Ó ní bó bá ń kún, òun á gbé ìlà ìsàlẹ̀ kúrò níbẹ̀. Òun ni gbogbo wa fún ní máàkì tó ga jù lọ lọ́jọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó tún wo èsì first class mọ́.

Ìwọ náà ní irú ìmọ̀ yìí, mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe ìwádìí ẹ̀gẹ́ ti rìn láàárín poro, ó ti ṣí ewé wò, ó ti fún àrùn mọ̀sáìkì ní máàkì láti 1 dé 5, 1 fún ewé tó dá ṣáká, 5 fún èyí tó ti ká kò tó sì ti kéré sí bó ṣe yẹ kó rí. O mọ̀ pé abẹ́ ewé ni kòkòrò funfun kékeré tó ń gbé àrùn náà kiri máa ń fara pamọ́ sí, àti pé òwúrọ̀ kùtùkùtù ló dára láti kà á, kó tó máa fò kiri. Kòkòrò yẹn àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń gbé àrùn tó ń ká ewé tòmátì náà kò. Ìyẹn gan-an ni afárá tí ò bá fi kọjá láti orí ẹ̀gẹ́ dé orí ohun tí wọ́n ń ṣe. Ká ní o tún ti kà nípa ìṣòro tó wà nílẹ̀, bíi kòkòrò Tuta absoluta tó jẹ oko tòmátì run ní Kaduna ní 2016 débi tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ìwọ fúnra rẹ ni ò bá máa bi ìgbìmọ̀ ní ìbéèrè.

Àpilẹ̀kọ ìwádìí tún wà níbẹ̀. O kò sọ bóyá iṣẹ́ M.Sc. rẹ ti jáde nínú jọ́nà kankan. Bí kò bá tíì jáde, òun ni kí o kọ́kọ́ ṣe. Ọ̀kan péré tó jáde nínú jọ́nà tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ju márùn-ún lọ nínú àwọn jọ́nà tó ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn tó sì ń tẹ iṣẹ́ jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ìgbìmọ̀ mọ orúkọ àwọn jọ́nà yẹn, ẹni tó bá kó wọn wá ń ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́ ni.

Ṣé ojúsàájú wá ò sí ni? Ó wà, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìlànà sọ pé kí wọ́n kéde àyè nínú ìwé ìròyìn méjì ó kéré tán tó ń kárí orílẹ̀-èdè, kí wọ́n sì fún àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ lè gba ohun tí wọ́n ń pè ní waiver, kí wọ́n gbani láìkéde, òkè sì ni orúkọ ti máa ń wá nígbà náà. Kódà níbi tí wọ́n ti kéde, mo ti rí i kí lẹ́tà alágbára kan dé orí tábìlì kí a tó jókòó tán. Ohun tí àwọn tó ń kó jìnnìjìnnì bá yín kì í sọ ni pé olùdarí tó bá fi gbogbo àyè ṣe oore ti sọ iléeṣẹ́ rẹ̀ di òfìfo. Owó tí ìjọba ń fún wọn kì í tó ṣe ìwádìí, a máa kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìrànwọ́ fún ìwádìí, ẹni tó mọṣẹ́ ló sì lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kó gbà á. Nítorí náà, àwọn olùdarí tó lóye máa ń fi ara ṣe odi fún àyè mélòó kan. Àyè yẹn ni ìwọ ń dù. Ẹni tó wà níta kò lè mọ èyí tí wọ́n ti fún ẹnì kan àti èyí tó ṣì ṣófo. Èmi náà kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, n kò lè jókòó sí Ìbarà níbí kí n máa búra pé ìdí báyìí ni wọn ò fi mú ọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ láti ṣe kò yí padà, yálà ojúsàájú ni tàbí òun kọ́.

Ní ti PhD, ẹni tó ní M.Sc. lè wọlé sí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ iṣẹ́ olùwádìí, àmọ́ láìní PhD yóò há sọ́nà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gòkè. Wàá gbà á lọ́jọ́ kan, dandan ni. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí o máa fi owó oṣù iléèwé aládàáni san owó PhD, kí o sì fi ọdún mẹ́fà méje ṣòfò. Wá èyí tó ní owó ìrànwọ́. Nílé rẹ níbí ní Alábàtà, CEADESE wà ní FUNAAB, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó tí Báǹkì Àgbáyé ràn lọ́wọ́ láti 2014. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, iléèwé tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà gbé kalẹ̀, PAULESI, ń gba ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú ẹ̀bùn ẹ̀kọ́. Ní Legon ní Gánà, WACCI ti ń kọ́ àwọn tó ń mú irúgbìn dára sí i láti 2007, ẹ̀gẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe. DAAD, àjọ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀ Jámánì, náà máa ń san owó fún àwọn tó fẹ́ ka PhD ní Áfíríkà níbí. Má sì gbójú fo IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn láti 1967. Kì í ṣe ti ìjọba wa, ìpín ìpínlẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ sì ni ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ àdéhùn ọdún kan lọ́dọ̀ wọn, kódà kó jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ oko, máa wúlò fún ọ ju ọdún mẹ́ta tí o bá fi ń retí ìkéde ní Ọbáńtokò. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Faransé kò purọ́, ó kàn fi ibi tó le sílẹ̀ ni. Àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba wọn, bíi CNRS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 àti INRAE tó di odindi ní 2020 lẹ́yìn tí wọ́n pa méjì pọ̀, ìdíje ni wọ́n fi ń gba ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́dọọdún. Wọn kì í béèrè orílẹ̀-èdè tàbí ọjọ́ orí. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ ló ń ka ìwé rẹ, tí wọ́n á fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò, tí wọ́n á to orúkọ tẹ̀ léra, tí ìgbìmọ̀ kejì á wá fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá wọlé di òṣìṣẹ́ ìjọba títí tó fi máa fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n PhD ni ẹnu ọ̀nà, iye àyè tí CNRS sì máa ń ní fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún kan ò ju bíi 250 lọ, fún gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀, gbogbo ayé ló sì ń dù ú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rí i ti ṣiṣẹ́ àdéhùn ọdún mélòó kan lẹ́yìn PhD. Fún ìwọ tó ní M.Sc. lónìí, kò tíì kàn. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ tiwa kọ́ lára wọn ni bí wọ́n ṣe ń gbé orúkọ àwọn tó yege síta bí wọ́n ṣe tò ó, kí gbogbo ayé rí i. Ká ní a ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí ni, àwọn ọlọ́jà iṣẹ́ yẹn ò ní rí ẹni tà fún.

Ohun tí ìwọ lè mú níbẹ̀ ni ìwé ètò iṣẹ́. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá síwájú ìgbìmọ̀ láìkọ ohun tó fẹ́ ṣe sílẹ̀. Tiwa kì í béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ ọ́ ní ojú ewé méjì kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mìíràn tó dé: ìṣòro kan tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ yẹn, ohun tó o ti ṣe tó jọ ọ́, oko tàbí yàrá ìwádìí tí wàá lò, àti ohun tó máa wà nílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Kí o tó kọ ọ́, lọ sí iléeṣẹ́ náà lọ́jọ́ iṣẹ́. Má lọ rí olùdarí, wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé. Ibi ìkówèésí ni kí o béèrè, kí o sì ka ìròyìn ọdọọdún wọn, orúkọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Wá kọ lẹ́tà sí ọ̀kan nínú wọn lórí iṣẹ́ rẹ̀ tí o kà. Bí o bá ti ń ṣe èyí, tún lọ bá ọ̀gá tó darí ìwádìí rẹ ní Alábàtà, kí o bi í ní tààrà bóyá ó lè jẹ́rìí iṣẹ́ oko rẹ fún ẹni tó bá béèrè. Bó bá ń lọ́ra, wá ẹlòmíràn tó mọ iṣẹ́ rẹ dáadáa kí ìkéde tó jáde, torí lẹ́tà ẹlẹ́rìí tó tutù máa ń ṣe ìpalára fún ènìyàn ju àìní rárá lọ.